Ìmọ̀ràn fún Ọmọ Tó Bá Ẹ̀rọ Pín Tábìlì

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo gbọ́ pé ọ̀kan nínú yín ti ríṣẹ́ sí ọ́fíìsì mérì Sakété ní ilẹ̀ Benin wa, èkejì sí Pobẹ̀, tí préfẹ́ tó ń ṣàkóso ẹkùn Plateau fi ṣe ibùjókòó. Ẹ kú oríire. Ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ti ṣáájú yín débẹ̀, kò sì ní í dìde fún yín. Mo ti fọwọ́ da ìwé ìbí kọ títí ìka mi fi nípọn kí n tó fẹ̀yìn tì, nítorí náà ohun tí ojú mi rí ni mò ń sọ. Mi ò tò ó bí ó ṣe wúwo tó.

1. Ẹ mọ ohun tí ẹ̀rọ gbà lọ́wọ́ wa, kí ẹ má baà ṣọ̀fọ̀ ohun tí kò yẹ lọ́fọ̀. Láyé tiwa, ọmọ tí wọ́n bí ní Pobẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní Parakou, bó bá fẹ́ ẹ̀dà ìwé ìbí rẹ̀, àfi kó wálé tàbí kó ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n. Akọ̀wé á ṣí rẹ́jísítà, á dà á kọ, ọ̀gá á fọwọ́ sí i, òǹtẹ̀ á sì balẹ̀. Bí ọ̀gá bá lọ síbi ìsìnkú, ó di ọ̀la. Oṣù kẹta ọdún 2020 ni ìjọba ṣí service-public.bj, ANIP, iléeṣẹ́ ìjọba fún ìdánimọ̀ ènìyàn, ló sì ń fúnni ní ìwé ìbí tuntun tó ní ààbò lónìí. Ọwọ́ tó ń da ìwé kọ ti ń sinmi. Àwọn tí òǹtẹ̀ jẹ́ gbogbo iyì wọn ló ń bínú sí ẹ̀rọ jù. Mo mọ̀ wọ́n, a jọ jẹun.

2. Orúkọ ni iṣẹ́ tó kù, òun ló sì ṣòro jù. Ní ilẹ̀ wa yìí tó fara ti Nàìjíríà, akọ̀wé tó kọ́ Faransé á kọ Ogoundélé, èyí tó lọ sílé ìwé ní Ìpókíá á kọ Ogundele. Adjibadé ló wà lórí ìwé ìbí bàbá, Ajibade ló wà lórí ìwé ilẹ̀ rẹ̀, ọmọ rẹ̀ sì ti mú ẹ̀kẹta lọ síbi ìdánwò BEPC. Nígbà tí ìwé wà nínú dúrọ́ọ̀ wa, a mọ̀ pé ẹnì kan náà ni, torí a mọ ilé bàbá rẹ̀. Ẹ̀rọ ò mọ ilé ẹnikẹ́ni. Láti ìgbà ìforúkọsílẹ̀ ará ìlú tí wọ́n pè ní RAVIP, tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kọkànlá 2017 tó sì wọ 2018, tí oníkálukú ti ń ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ tirẹ̀, lẹ́tà kan ṣoṣo tí kò bára mu lè sọ ènìyàn di èrò ilé ẹjọ́.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ẹni tó wá sọ́dọ̀ yín pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Bó bá jẹ́ ìbejì, ẹ bèèrè ta ni Táíwò, ta ni Kẹ́hìndé. Ẹ ka ohun tí ẹ tẹ̀ sí i létí kí ẹ tó fi ránṣẹ́, nítorí púpọ̀ nínú àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ yín ò lè ka ohun tó wà lójú ẹ̀rọ. Àwọn àgbà tún wà tí ìwé wọn ò sọ ju pé a bí wọn ní nǹkan bí ọdún 1950 lọ. Òfin 2018-26, ti oṣù kẹjọ ọdún 2018, ṣí ọ̀nà fún àwọn tí kò ní ìwé ìbí rárá láti rí i gbà. Òfin lè ṣí ọ̀nà, ṣùgbọ́n ènìyàn ló máa bi ìyá àgbà pé ta ló wà lórí oyè nígbà tí wọ́n bí i, àti pé ọmọ rẹ̀ wo ló ti ń rìn kí wọ́n tó la títì. Ẹni tó ń tẹ orúkọ láì gbójú sókè wo ẹni tó ń jẹ́ ẹ, ẹ̀rọ kejì lòun náà.

3. Ẹ má sọ fún ará ìlú láé pé «ẹ̀rọ ló kọ̀ ọ́». Ìyá tó ti Issaba gun ọ̀kadà zémi wá kò bá ẹ̀rọ ṣe àdéhùn, ẹ̀yin ló bá sọ̀rọ̀. Ẹ sọ ìwé tó kù fún un, ibi tó ti máa rí i, àti iye tó jẹ́, kí ẹ sì kọ ọ́ sórí pépà kékeré kí ọmọ rẹ̀ lè kà á fún un nílé. Mo rí àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi fóònù bá ènìyàn kọ ìwé ìbéèrè sórí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́bàá ọ́fíìsì, tí wọ́n ń gba owó díẹ̀. Mi ò bá wọn wí, iṣẹ́ ni. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀yin tó wà nínú ọ́fíìsì bá ń lé ènìyàn jáde sọ́dọ̀ wọn kí ẹ lè jọ pín owó náà, olè ni yín, bí ẹ tilẹ̀ wọ kóòtù.

4. Bí ẹ ṣe ń ṣọ́ orúkọ ni kí ẹ máa ṣọ́ nọ́ńbà. Ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ ti wà ní Pobẹ̀ láti ọdún 1922. Ẹni tó ń wá irúgbìn ọ̀pẹ tó dáa gbọ́dọ̀ máa wọn ìdì ẹyìn lórí igi kọ̀ọ̀kan, kó máa kọ ọ́ sílẹ̀ láti ọdún dé ọdún, kó tó mọ igi tó yẹ ní mímú. Kọ̀ǹpútà lè ro àkọsílẹ̀ ogún ọdún pọ̀ kí ẹ tó mu omi tán. Ṣùgbọ́n bí lébìrà tó yẹ kó wọn ẹyìn lọ́jọ́ òjò bá jókòó sábẹ́ àtíbàbà tó ń fi orí rò ó kọ, irọ́ ni ẹ̀rọ yóò máa fi ìṣirò ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Ẹ béèrè ẹni tó mú nọ́ńbà wá kí ẹ tó gbé àròpọ̀ rẹ̀ lọ fún ọ̀gá.

5. Ẹ̀rù pé iṣẹ́ á bọ́: kì í ṣe ìbẹ̀rù lásán. Àwọn tó ń fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àti kábọ̀ǹ jẹun ti lọ ní tòótọ́. Ṣùgbọ́n èmi wà níbẹ̀ nígbà tí orílẹ̀-èdè yìí ò rí owó oṣù san, tí ìjọba wọnú àdéhùn àtúntò ọrọ̀ ajé ní 1989, tí wọ́n ń fún òṣìṣẹ́ lówó kí wọ́n lè fi iṣẹ́ ọba sílẹ̀. Kò sí kọ̀ǹpútà kankan lórí tábìlì wa nígbà náà. Bí wọ́n bá fẹ́ dín yín kù, ẹ wo ìwé ìnáwó kí ẹ tó wo ẹ̀rọ.

6. Iṣẹ́ méjì ni wọ́n máa kọ́kọ́ fún yín ní owó ẹyọ kan: ẹ kọ ọ́ sínú rẹ́jísítà, ẹ tún tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ. Iná á lọ láàárín. Ọ̀gá á tún bèèrè rẹ̀ lórí WhatsApp ní agogo mẹ́sàn-án alẹ́. Ẹ bi í ní gbangba, láì ṣàfojúdi, pé èwo nínú méjèèjì ni àkọsílẹ̀ tòótọ́ bí wọn ò bá bára mu, kí ẹ sì gba èsì rẹ̀ ní kíkọ. Ẹ máa kọ wákàtí tí iná lọ àti wákàtí tó dé. Ọjọ́ kan á wà tí wọn yóò sọ pé ẹ̀yin lẹ fi iṣẹ́ falẹ̀.

7. Ẹ̀rọ ọgbọ́n àtọwọ́dá tó ń kọ lẹ́tà fúnra rẹ̀ ti dé. Ìjọba Benin ti ní ètò orílẹ̀-èdè lórí rẹ̀, láti 2023 dé 2027, nítorí náà ẹ má díbọ́n pé ẹ ò lò ó. Faransé rẹ̀ dán ju tèmi lọ. Ṣùgbọ́n ó lè dárúkọ abala òfin tí kò sí níbì kankan, pẹ̀lú ojú tí kò tijú. Bó bá tọ́ka sí Kóòdù Dìjítà, ẹ ṣí òfin 2017-20 fúnra yín, ẹ wá abala náà. Àti pé lẹ́tà tí ẹ kò lè fi ẹnu ara yín ṣàlàyé fún ará Aguidi ní Yorùbá, ẹ má fọwọ́ sí i.

8. Ẹ má ya àwòrán ìwé ìdánimọ̀ ènìyàn sórí fóònù yín. Ẹ má fún ẹnikẹ́ni ní kóòdù tí ẹ fi ń wọ inú ẹ̀rọ, títí kan ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ yín, torí orúkọ yín ni ẹ̀rọ ń kọ sílẹ̀ sídìí gbogbo ohun tí ẹni náà bá ṣe.

9. Àgbà kan wà ní ọ́fíìsì yín tó ń fi ìka kan ṣoṣo tẹ lẹ́tà. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Òun ló mọ yàrá tí rẹ́jísítà àtijọ́ wà, ojú ewé tí ikán jẹ, àti ìdílé tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ ní ọ̀nà méjì. Ẹ kí i, ẹ jókòó tì í, kí ẹ máa fi ẹ̀rọ hàn án díẹ̀díẹ̀ bó ti ń sọ ìtàn ìwé fún yín. Ọwọ́ ọ̀sán ni kí ẹ ṣe é, lẹ́yìn tí àwọn èrò bá ti lọ tán, kí ẹnikẹ́ni má baà rí i pé ọmọdé ló ń kọ́ ọ.