Orin Ìgbà Èwe Gẹ́gẹ́ Bí Ẹlẹ́rìí

Ẹ̀kọ́ kíkà: Deutarónómì 31:19–22, Ẹ́sírà 3:10–13, Oníwàásù 7:10, Kólósè 3:16

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde ilé-ẹ̀kọ́ yìí, àti ẹ̀yin òbí wa ọ̀wọ́n, kò sí àjọ̀dún tí a ń ṣe tí a kì í kọrin níbẹ̀. Bí a bá sì ti bẹ̀rẹ̀ orin, a máa ń rí ohun kan tí a kì í rí nígbà tí a bá ń ka ìròyìn ọdún tàbí tí a bá ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ìkíni. Bí dùùrù bá ti fọhùn, àgbàlagbà tí kò rántí orúkọ ẹni tí ó jókòó tì í yóò máa kọ ẹsẹ kìíní dé ẹsẹ ìkẹyìn láìwo ìwé. Omi yóò gba ojú ẹlòmíràn. Ẹni tí ó ti di adájọ́ tàbí dókítà yóò rántí gbọ̀ngàn ìjẹun, àtùpà alẹ́, àti ọ̀rẹ́ tí ó ti lọ sí ibi tí àgbà ń rè.

A máa ń sọ pé àárò ìgbà àtijọ́ ni ó sọ irú ẹni bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí ni orin ní tí ọ̀rọ̀ lásán kò ní? Kí sì ni ó yẹ kí Kristẹni fi irú àárò bẹ́ẹ̀ ṣe? Ìbéèrè méjì yìí ni ẹ̀kọ́ wa fẹ́ dáhùn.

1. Kì í ṣe inú ohùn orin ni agbára náà wà

Ní ọdún 1688, akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn kan ní ìlú Basel ní Switzerland, Johannes Hofer, kọ̀wé lórí àìsàn kan tí ó ń mú àwọn ọmọ ilẹ̀ rẹ̀ tí wọ́n wà ní àjò. Oúnjẹ kì í wù wọ́n jẹ, oorun kì í kùn wọ́n, ọkàn wọn kì í kúrò nílé. Hofer mú ọ̀rọ̀ Gíríìkì méjì, ọ̀kan túmọ̀ sí ìpadàbọ̀ sílé, èkejì túmọ̀ sí ìrora. Ó so wọ́n pọ̀, ó fi sọ àìsàn náà lórúkọ. Orúkọ yẹn ni àwọn Òyìnbó fi ń pe àárò ìgbà àtijọ́ títí di òní.

Ọ̀pọ̀ ọmọ Switzerland nígbà náà ni ó ń lọ ṣe iṣẹ́ ológun fún àwọn ọba ilẹ̀ mìíràn. Jean-Jacques Rousseau, ọmọ ìlú Geneva, kọ ọ́ sínú ìwé atúmọ̀ ọ̀rọ̀ orin rẹ̀, tí ó jáde ní 1768, pé orin kan wà tí àwọn darandaran òkè ilẹ̀ náà fi ń da màlúù. Ó ní wọ́n fi òfin líle dè é pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ ọ́ láàrin àwọn ológun wọ̀nyí, nítorí bí wọ́n bá gbọ́ ọ, wọn a bú sẹ́kún, àwọn kan a sá kúrò lẹ́nu iṣẹ́, àwọn mìíràn a sì kú.

Ohun tí Rousseau fi kún un ni ó kàn wá jù. Ó ní kò sí agbára kankan nínú ohùn orin náà fúnra rẹ̀, àjèjì tí ó bá gbọ́ ọ kò ní mọ ohunkóhun lára. Ìrántí ni ó ń ṣiṣẹ́: ilé bàbá ẹni, òkè tí a ti ṣeré lọ́mọdé, àwọn ojúgbà ẹni. Orin kàn dà bí igbá tí a fi gbé wọn wá ni. Ohun tí a bù sínú igbá ni a ó bá níbẹ̀.

Àpẹẹrẹ kan tí ó jọ èyí wà nílé wa. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí àwọn míṣọ́nnárì àti àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n ti Sàró dé ń tú orin ìyìn sí èdè wa, ohùn Òyìnbó ni wọ́n fi ń kọ púpọ̀ nínú wọn. Èdè wa sì rèé, èdè olóhùn ni. Bí ohùn orin bá gòkè níbi tí ó yẹ kí ọ̀rọ̀ ti sọ̀kalẹ̀, ọkọ̀ lè di ọkọ́, kí ẹni tí ń gbọ́ máa ṣe kàyéfì ohun tí wọ́n ń wí. Àwọn àgbà nínú iṣẹ́ orin rí àléébù yìí, wọ́n sì wá nǹkan ṣe sí i. Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta fi ohùn ilẹ̀ wa kọ orin Kristẹni, ó sì kọ wọ́n sínú rẹ́kọ́ọ̀dù ní London ní 1922. T. K. Ekundayo Phillips, tí ó ń tẹ dùùrù ní ilé ìjọsìn ńlá Cathedral Church of Christ ní Marina, Èkó, tẹ ìwé jáde lórí orin Yorùbá ní 1953. A jẹ wọ́n ní gbèsè ọpẹ́ púpọ̀.

Síbẹ̀, ẹ wo ohun ìyanu kan. Àwọn orin àtijọ́ tí ohùn wọn kò bá ọ̀rọ̀ mu wọ̀nyẹn gan-an ni ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ń fi omijé kọ. Kí ló fà á? Ìyá wọn ni ó fi kọ́ wọn ní àdúrà òwúrọ̀; òun ni wọ́n kọ ní ọjọ́ tí wọ́n gbé bàbá wọn sin; òun ni wọ́n fi tì wọ́n dé ẹnu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ ní ọjọ́ tí wọ́n jáde ìwé mẹ́wàá. Ìgbésí ayé tí a ti bù sínú orin ni ó ń pè wá.

2. Ìdí tí ó fi jẹ́ ìgbà èwe

Àwọn onímọ̀ nípa ìrántí ti ṣàkíyèsí pé bí a bá ní kí àgbàlagbà sọ ìtàn ayé rẹ̀, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ láàrin ọdún mẹ́wàá sí ọgbọ̀n ọdún ni ó máa ń pọ̀ jù lẹ́nu rẹ̀. Ìgbà náà ni ohun púpọ̀ ń ṣẹlẹ̀ sí wa fún ìgbà àkọ́kọ́, tí a sì ń mọ ẹni tí a jẹ́. Ní 2009, Petr Janata ti Yunifásítì California ní Davis gbé ìwádìí kan jáde. Ó mú kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́ orin tí ó lókìkí nígbà tí wọ́n wà láàrin ọmọ ọdún mẹ́jọ sí méjìdínlógún, ó sì fi ẹ̀rọ wo ọpọlọ wọn. Apá kan ọpọlọ tí ó wà lẹ́yìn iwájú orí ni ó ń so orin mọ́ ìrántí nípa ara ẹni. Apá yìí sì wà lára èyí tí ó máa ń pẹ́ kí àìsàn Alzheimer tó bà á jẹ́. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ìdí nìyẹn tí a fi lè rí ìyá àgbà tí kò dá ọmọ rẹ̀ mọ̀ mọ́, tí ó sì ń gberin orin tí ó kọ́ lọ́mọdé.

Ẹ jẹ́ kí á ronú lórí èyí dáadáa. Ọmọ tí ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ní ọmọ ọdún mọ́kànlá, tí ó sì jáde ní ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, àárín gbùngbùn ìgbà yìí ni ó lò níbẹ̀. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ohun tí ó kọ lórin ní ọdún mẹ́fà yẹn ni yóò bá a dé ogbó.

3. Orin gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí

Ìwé Mímọ́ ti mọ ọ̀rọ̀ yìí ṣáájú wa. Ní orí kọkànlélọ́gbọ̀n ìwé Deutarónómì, ọjọ́ ikú Mósè ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Olúwa mọ̀ pé bí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì bá dé ilẹ̀ ọ̀rá, tí wọ́n jẹ, tí wọ́n yó, wọn yóò yà kúrò lọ́nà. Kí ni ó pàṣẹ? Ó ní kí Mósè kọ orin kan sílẹ̀, kí ó fi kọ́ àwọn ènìyàn náà, kí ó fi sí wọn lẹ́nu, kí orin náà lè jẹ́ ẹlẹ́rìí. Nígbà tí ìyọnu bá dé, àwọn ọmọ wọn kò ní tí ì gbàgbé rẹ̀.

Òfin ti wà ní kíkọ sílẹ̀. Àpótí ẹ̀rí ti wà. Síbẹ̀ Ọlọ́run tún fi orin kún un, nítorí ẹlẹ́rìí tí ó wà lẹ́nu ẹni, kò sí bí a ṣe lè sá fún un. Èyí ni ìdáhùn sí ìbéèrè wa kejì. Orin ìgbà èwe ń mú ọkàn dùn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ kò tán síbẹ̀. Ó ń bi wá léèrè pé: ìwọ tí o fi ẹnu ọmọdé jẹ́jẹ̀ẹ́ pé ìwọ yóò sin Ọlọ́run, pé ìwọ yóò sì jẹ́ olóòótọ́, níbo ni o bá a dé? Akẹ́kọ̀ọ́jáde tí ó bá kọ orin ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ àjọ̀dún, tí ó nu ojú rẹ̀, tí ó sì padà sí ọ́fíìsì lọ gba rìbá ní ọjọ́ kejì, ẹlẹ́rìí ti sọ̀rọ̀, kò kàn fetí sí i ni.

4. Àárò tí ń gbé ilé ró, àti àárò tí ń dá iṣẹ́ dúró

Nígbà tí àwọn ìgbèkùn padà láti Bábílónì, tí wọ́n fi ìpìlẹ̀ tẹ́ńpìlì lélẹ̀, orin ìyìn gbòde, fèrè àti kíńbálì ń dún. Ẹ́sírà sọ fún wa pé àwọn àgbà tí wọ́n ti rí tẹ́ńpìlì àkọ́kọ́ ń sunkún kíkankíkan, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń hó fún ayọ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí a kò fi mọ ìyàtọ̀ láàrin ariwo ẹkún àti ariwo ayọ̀. Kò sí àjọ̀dún ilé-ẹ̀kọ́ tí kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò bá àwọn àgbà náà wí nítorí ẹkún wọn.

Ṣùgbọ́n ẹkún lè di ìdènà. Lẹ́yìn náà, wòlíì Hágáì bi wọ́n bóyá ilé tuntun náà kò jẹ́ nǹkankan lójú àwọn tí wọ́n rí ti àkọ́kọ́. Ó ní kí wọ́n mú ọkàn le, kí wọ́n ṣiṣẹ́, nítorí ògo ilé ìkẹyìn yóò ju ti ìṣáájú. Oníwàásù pẹ̀lú kìlọ̀ pé kí á má ṣe máa béèrè ìdí tí ọjọ́ àtijọ́ fi sàn ju ti ìsinsìnyí, pé ìbéèrè náà kò ti inú ọgbọ́n wá. Bí àárò bá mú wa wá tún òrùlé ilé-ẹ̀kọ́ ṣe, kí á sì san owó ìwé ọmọ aláìníbaba, ó ń gbé ilé ró. Bí ó bá jẹ́ pé kí á jókòó máa bú àwọn ọmọ òde òní ni ó kọ́ wa, ó ń dá iṣẹ́ dúró.

Ẹ jẹ́ kí á rántí pẹ̀lú pé ìrántí gbogbo ènìyàn kọ́ ni ó dùn. Ní Orin Dáfídì 137, nígbà tí àwọn tí ó kó wọn nígbèkùn ní kí wọ́n kọ orin Síónì, wọ́n gbé háàpù kọ́ sórí igi. Orin náà wúwo jù fún wọn. Bẹ́ẹ̀ ni orin kan náà tí ó ń mú ẹnìkan rẹ́rìn-ín lè rán ẹlòmíràn létí ebi, ẹgba, tàbí ọjọ́ tí wọ́n lé e jáde kúrò ní kíláàsì nítorí owó ilé-ìwé. Kí á má ṣe fi dandan lé e pé kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wa yọ̀. Kí á fà á mọ́ra.

5. Ohun tí ó kù fún wa láti ṣe

Ẹ̀yin òbí, igbá tí àwọn ọmọ yín yóò gbé dé ọjọ́ ogbó wà lọ́wọ́ yín nísinsìnyí. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, olúkúlùkù ni ó ń fi fóònù gbọ́ orin tirẹ̀, ohun tí ó kì bọ etí kò sì jẹ́ kí ẹlòmíràn mọ ohun tí ó ń gbọ́. Orin lè pọ̀ nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, kí ó má sì sí orin kan tí gbogbo ilé jọ mọ̀. Bí àwọn ọmọ náà bá dàgbà, orin wo ni yóò rán wọn létí ohùn bàbá wọn?

Pọ́ọ̀lù gba ìjọ Kólósè níyànjú pé kí wọ́n máa fi orin kọ́ ara wọn, kí wọ́n sì máa kìlọ̀ fún ara wọn. Ẹ yan orin díẹ̀. Ẹ jọ kọ wọ́n ní àdúrà òwúrọ̀ tàbí ti alẹ́. Ẹ jẹ́ kí ọmọ mọ gbogbo ẹsẹ rẹ̀ sórí, kí ẹ sì ṣàlàyé ọ̀rọ̀ tí ó bá ta kókó. Ẹ má sì ṣe sọ àkókò náà di ìgbà ìbínú. Ọmọ tí ó jẹ́ pé ẹ̀yìn orin ni wọ́n máa ń ka ẹ̀ṣẹ̀ sí i lọ́rùn, ẹ̀rù ni yóò bá nínú igbá náà lọ́jọ́ iwájú.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde, ẹ lọ kí àwọn olùkọ́ yín tí wọ́n ti darúgbó. Bí wọn kò bá rántí orúkọ yín, ẹ má ṣe bínú. Ẹ bẹ̀rẹ̀ orin tí wọ́n fi kọ́ yín, kí ẹ sì wò bóyá wọn yóò gbè é. Àwọn tí ń bẹ ní London tàbí ní Amẹ́ríkà nínú yín lè ṣe èyí lórí fóònù. Ẹ gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣì lè kọ ọ́, kí ẹ fi fún ilé-ẹ̀kọ́, kí àwọn ọmọ tí ń bọ̀ lè kọ́ ọ láti ẹnu wọn.

Ìbéèrè fún àṣàrò

1. Orin wo ni ó máa ń mú ọ rántí ìgbà èwe rẹ jù? Ta ni ó fi kọ́ ọ?
2. Ìlérí wo ni o ṣe nínú orin náà? Ǹjẹ́ o ti mú un ṣẹ?
3. Orin wo ni gbogbo ilé rẹ jọ mọ̀ láìwo ìwé?
4. Ta ni àgbàlagbà kan tí ó yẹ kí o lọ bá kọrin kí ọdún yìí tó parí?

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ẹlẹ́rìí tí ó wà lẹ́nu wa jẹ́rìí rere nípa wa. Àmín.