Wúrà Tí Ń Tọ́ka sí Àrùn

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, bí a bá wọ kẹ́míìsì kan ní Festac Town tàbí ní ibòmíràn ní Amuwo-Odofin, a lè rí ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ tí obìnrin fi ń mọ̀ bí òun bá lóyún. Bí ìtọ̀ aboyún bá kàn án, ìlà pupa kejì a yọ. Kí ni ó sọ ìlà náà di pupa? Nínú ọ̀pọ̀ irú ìwé bẹ́ẹ̀, wúrà ni. Ọgbọ́n yìí kan náà ni àwọn onímọ̀ ń gbìyànjú láti fi rí àrùn jẹjẹrẹ ní kùtùkùtù.

Ní ọdún 1857, Michael Faraday fi hàn ní Lọ́ńdọ̀nù pé bí a bá sọ wúrà di ẹ̀rún tí ó kéré jọjọ nínú omi, omi náà a pupa bí omi ìsápá. Bí àwọn ẹ̀rún náà bá sì lẹ̀ mọ́ ara wọn, àwọ̀ náà a yí padà sí ti aró. Bí a bá pín mìlímítà kan sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, ìpín kan ni à ń pè ní nánómítà. Ẹ̀rún wúrà kan lè máa ju 20 nánómítà lọ.

Wúrà fúnra rẹ̀ kò mọ àrùn. Nítorí náà ni a ṣe ń so èròjà kan mọ́ ọn lára, tí ó bá àmì tí a ń wá mu bí kọ́kọ́rọ́ ti bá àgádágodo rẹ̀ mu. Bí ó bá ti di àmì náà mú, àwọ̀ tàbí ìmọ́lẹ̀ a yí padà. Ọ̀kan nínú irú àmì bẹ́ẹ̀ ni PSA, tí ẹṣẹ́ pírọ́sítéètì ọkùnrin ń tú sínú ẹ̀jẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí a má ṣe kánjú. PSA wà nínú ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin tí ara rẹ̀ le pẹ̀lú, ó sì lè pọ̀ sí i nítorí àìsàn mìíràn. Ẹ̀sùn ni àmì jẹ́, kì í ṣe ìdájọ́. Dókítà ní láti mú díẹ̀ nínú ẹran ara ibẹ̀, kí a sì yẹ̀ ẹ́ wò lábẹ́ maikirosikóòpù. Púpọ̀ nínú àwọn ohun èlò oníwúrà ti jẹjẹrẹ ni ó sì wà nínú yàrá ìwádìí síbẹ̀.

Ǹjẹ́ kí a jókòó dè wọ́n bí? Rárá o. Ojú lásán pàápàá lè ríran bí a bá ràn án lọ́wọ́. Nọ́ọ̀sì tí a kọ́ lè fi omi ọtí kíkan pa ẹnu ilé ọmọ obìnrin; ibi tí ó bá di funfun ni yóò fura sí, a sì lè tọ́jú rẹ̀ kí ó tó di jẹjẹrẹ. Fún ẹni tí àrùn náà bá ti mú, ilé ìtọ́jú jẹjẹrẹ NSIA-LUTH wà ní Idi-Araba, ní Ìpínlẹ̀ Èkó kan náà, láti ọdún 2019.

Àwọn àgbà ní, kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Ẹ jẹ́ kí a kọ́ àwọn ọmọ, kí àwọn náà sì sọ fún ìyá àti bàbá wọn nílé, pé kí wọ́n lọ fún àyẹ̀wò nígbà tí ara ṣì le.