Ẹ̀KỌ́ FÚN ÌDÍLÉ: Ìgbà Wo La Lè Ṣílẹ̀kùn fún Ológbò Tí Kò Tíì Jáde Rí?

Nínú ẹ̀kọ́ tòní, ọ̀rọ̀ ológbò la fẹ́ sọ. Kí ẹnikẹ́ni má fi wá rẹ́rìn-ín o! Nínú ọ̀pọ̀ ilé wa ní Britain níbí, àwọn ọmọ ti mú ológbò wọlé, àwọn òbí sì ti gbà, bóyá nítorí ẹkún ọmọ, bóyá nítorí èkúté tó ń sáré lẹ́yìn kúkà. Kò pẹ́ tí ìbéèrè fi dé: ìgbà wo ni ká jẹ́ kó jáde? Bó bá sì jáde, ṣé yóò padà wá?

Ìdáhùn wa rèé ní kúkúrú: ológbò tó bá ti mọ ilé, tí dókítà ẹran ti tọ́jú, tí ebi sì ń pa díẹ̀, ìyẹn ló ṣeé ṣílẹ̀kùn fún. Èyí tí a kàn jù síta lọ́jọ́ kejì tó dé, kì í ṣe agídí ni kò jẹ́ kó padà. Kò mọ ibi tí yóò padà sí ni.

1. KÍ LÓ DÉ TÍ NÍBÍ FI YÀTỌ̀ SÍ ILÉ?

Nílé lọ́hùn-ún, ta ló ń bi ara rẹ̀ ní irú ìbéèrè yìí? Inú agboolé ni wọ́n ti ń bí ológbò. Ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ló ti ń mọ ọ̀nà ilé ìdáná àti orí òrùlé, ilẹ̀kùn sì ṣí sílẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́. Níbí, inú yàrá ni wọ́n ti tọ́ ọ̀pọ̀ wọn dàgbà. A gbé e sínú àpótí, a gbé àpótí wọ mọ́tò, ó sì bọ́ sí ilé tí kò mọ̀ rí, ní àdúgbò tí ilẹ̀kùn gbogbo ilé jọ ara wọn.

Òórùn ni ológbò fi ń mọ ilé. Nígbà tó bá ń fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ ra ẹsẹ̀ àga àti ẹsẹ̀ yín, kì í ṣe eré lásán. Òórùn ara rẹ̀ ló ń fi síbẹ̀, bí ẹni ń sọ pé, “Ti èmi nìyí.” Iṣẹ́ yìí kò ṣeé ṣe tán lọ́jọ́ kan. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń tọ́jú ológbò fi ń sọ pé ká fi í sínú ilé fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 3 lẹ́yìn tó bá dé. Èyí tó bá jẹ́ ojo lè pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun kan náà ni fún ìdílé tó bá kó kúrò. Ká ní ẹ kó láti Peckham lọ sí Camberwell, tí ẹ sì ṣílẹ̀kùn fún ológbò yín lọ́jọ́ kejì. Ilé àtijọ́ ni yóò máa wá kiri, ọ̀nà títì ńlá sì wà láàárín. Bó tilẹ̀ ti ń jáde ní ilé àtijọ́ tẹ́lẹ̀, ẹ kà á sí ẹni tuntun ní ilé tuntun.

2. OHUN MÁRÙN-ÚN TÓ GBỌ́DỌ̀ ṢÁÁJÚ

(a) Microchip. Kò tóbi ju hóró ìrẹsì lọ. Abẹ́rẹ́ ni dókítà ẹran máa fi tì í sábẹ́ awọ, láàárín èjìká méjèèjì. Nọ́ńbà kan ló wà nínú rẹ̀. Lábẹ́ nọ́ńbà yẹn ni orúkọ, àdírẹ́sì àti fóònù yín máa wà nínú àkọsílẹ̀. Ní England, láti June 10, 2024, òfin ni pé ológbò gbọ́dọ̀ ní in kó tó pé ọ̀sẹ̀ 20. Bí wọ́n bá rí i pé tiyín kò ní, wọ́n lè fún yín ní ọjọ́ 21 láti ṣe é. Ẹni tó bá kọ̀ lè san owó ìtanràn tó tó £500.

Àwa tí a máa ń kó láti ilé dé ilé, tí a sì ń pààrọ̀ nọ́ńbà fóònù, ibí yìí gan-an ni wàhálà tiwa wà. Bí àdírẹ́sì bá yí padà tí a kò fi tó wọn létí, microchip náà dà bíi lẹ́tà tí wọ́n kọ ránṣẹ́ sí ilé tí a ti kó kúrò. Ẹ má sì rò pé ó ń fi ibi tí ológbò wà hàn o. Ó dìgbà tẹ́nì kan bá rí i, tó gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ní ẹ̀rọ tó ń kà á.

(b) Iṣẹ́ abẹ kó má baà bímọ. Láti nǹkan bí oṣù 4 ni abo ológbò ti lè lóyún, oyún náà kò sì ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 9 lọ. Ẹni tó bá ní ẹyọ kan lónìí lè ní márùn-ún kó tó mọ̀. Akọ tí wọn kò tẹ̀ lọ́dàá máa ń rìn jìnnà, ó ń jà, ojú ọgbẹ́ ìjà sì ni àìsàn burúkú máa ń gbà wọlé.

(d) Abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ìgbà tó bá pé bí ọ̀sẹ̀ 8 sí 9 ni wọ́n máa ń fún un ní èkíní, wọ́n á sì fún un ní èkejì lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 3 sí 4. Ẹ sọ fún dókítà pé ẹ fẹ́ kó máa jáde, kó lè fi ti àìsàn ẹ̀jẹ̀ tí ológbò ń kó ran ara wọn kún un. Ẹ béèrè oògùn aràn àti ti eégbọn pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: ẹ má ṣe fi oògùn eégbọn ti ajá pa ológbò lára láéláé. Permethrin tó wà nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń pa ológbò.

(e) Àṣẹ onílé. Ẹ ka ìwé àdéhùn ilé yín kẹ́ ẹ tó gbé ẹran wọlé tàbí kẹ́ ẹ tó gé ilẹ̀kùn láti fi ọ̀nà ológbò sí i. Òfin àwọn ayálégbé tí wọ́n ṣe fún England ní 2025, Renters’ Rights Act, ní ìlànà pé ayálégbé aládàáni lè kọ̀wé béèrè láti sin ẹran, lánlọ́ọ̀dù kò sì gbọdọ̀ kọ̀ láìnídìí gidi. Ẹni tó ń gbé ilé káńsù, kó béèrè lọ́wọ́ ọ́fíìsì ilé.

(ẹ) Owó. A mọ̀ pé dókítà ẹran wọ́n. PDSA, tí Maria Dickin dá sílẹ̀ ní ìlà-oòrùn London ní 1917, ń tọ́jú ẹran àwọn tó ń gba irú owó ìrànwọ́ ìjọba kan. Cats Protection, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1927, máa ń ran àwọn tí owó wọn kò tó lọ́wọ́ lórí iṣẹ́ abẹ tí a sọ lókè yìí. Ẹ béèrè, ìbéèrè kì í ṣe ìtìjú.

Tí gbogbo èyí bá pé, ọmọ ológbò á ti tó bí oṣù 5 sí 6. Kó tó dìgbà yẹn, inú ilé ni kó wà.

3. IṢẸ́ INÚ ILÉ NÍ Ọ̀SẸ̀ MẸ́TA NÁÀ

Ẹ má fi ọ̀sẹ̀ 3 yẹn ṣòfò. Ẹ máa fún un lóúnjẹ ní àkókò kan náà lójoojúmọ́, kì í ṣe kí àwo kún láti òwúrọ̀ dalẹ́. Nígbàkúùgbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ fún un, ẹ pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kẹ́ ẹ sì fi ṣíbí kan àwo. Kí bàbá, ìyá àti ọmọ máa pè é bákan náà. Bó bá ti mọ̀ pé ìró yẹn ni oúnjẹ, ẹ ti rí okùn tí ẹ ó fi fà á wálé láìsí okùn lọ́rùn rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kó máa wo ìta láti ojú fèrèsé. Àwo oníyẹ̀pẹ̀ tó ń yàgbẹ́ sí, ẹ má tètè gbé e kúrò bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, torí ó lè máa sáré wọlé wá lò ó. Aboyún kò gbọ́dọ̀ fọ àwo yìí bí ẹlòmíràn bá wà, torí àìsàn tó lè ṣe ọmọ inú wà nínú ìgbẹ́ ológbò. Àwọn ọmọ náà gbọ́dọ̀ máa fọwọ́ wọn.

4. ỌJỌ́ TÍ Ẹ Ó ṢÍLẸ̀KÙN

Àwọn àgbà wa máa ń sọ pé díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni.

Ẹ mú àárọ̀ ọjọ́ tí òjò kò rọ̀, tí àdúgbò dákẹ́, tí àgbàlagbà kan kò sì ní lọ síbi iṣẹ́. Ẹ má mú ọjọ́ tí mọ́tò akólẹ̀ ń bọ̀. Ẹ má sì mú ọ̀sẹ̀ November 5, tí wọ́n ń yin báńgà káàkiri. Ẹ má tíì fún un lóúnjẹ àárọ̀.

Ẹ ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀ gbayawu. Ẹ má gbé e jáde. Ológbò tí a gbé síta kò mọ ọ̀nà tó gbà débẹ̀, èyí tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn jáde ti ń gbóòórùn ọ̀nà bó ṣe ń lọ. Ó lè jókòó sẹ́nu ọ̀nà fún ìdajì wákàtí láìgbé ẹsẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀. Kí àwọn ọmọ jókòó jẹ́ẹ́, kí wọ́n má pariwo, kí wọ́n má sì sáré tẹ̀ lé e. Ẹ̀rù ló ń mú kó fo ògiri.

Lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú 10, ẹ pe orúkọ rẹ̀, ẹ kan àwo. Bó bá wọlé, ẹ fún un lóúnjẹ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kẹ́ ẹ sì tilẹ̀kùn. Ó tán fún tòní nìyẹn. Lọ́la, ẹ fi ìṣẹ́jú díẹ̀ kún un. Ẹ máa ṣe bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́ títí yóò fi máa lọ tó ń bọ̀ fúnra rẹ̀. Kó tó ṣú, kó ti wọlé. Òru ni mọ́tò ń kọlu wọn jù.

Bẹ́ẹ bá fẹ́ fi bẹ́líìtì sí i lọ́rùn, ẹ ra irú èyí tó ń já sílẹ̀ fúnra rẹ̀ bó bá há sára igi, kí ìka méjì sì lè wọ abẹ́ rẹ̀.

5. EWU TÓ WÀ NÍTÒSÍ

Omi antifreeze tí à ń rọ sínú mọ́tò nígbà òtútù, májèlé ni fún ológbò. Díẹ̀ péré nínú rẹ̀ lè ba kídìnrín jẹ́. Bó bá dà sílẹ̀, ẹ nù ún kíá. Òdòdó lílì náà léwu, títí kan lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ tó bá lẹ̀ mọ́ irun rẹ̀ tó sì lá a. Bó bá fara pa, ẹ má fún un ní paracetamol, pípa ló máa pa á. Nígbà òtútù, ẹ gbá orí bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò kẹ́ ẹ tó ṣáná sí i, torí ó lè ti sá sínú ooru ẹ́ńjìnnì.

6. ALÁDÙÚGBÒ ŃKỌ́?

Ká sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Àwọn kan lára wa ṣì ń bẹ̀rù ológbò, pàápàá dúdú, torí ohun tí a gbọ́ nígbà èwe nípa àjẹ́. Ẹ jẹ́ kí aládùúgbò mọ̀ pé tiyín nìyí, kẹ́ ẹ sì sọ orúkọ rẹ̀ fún wọn. Ẹni tó bá sọ ọ́ lókò tàbí tó da omi gbígbóná sí i lára ti lùfin. Lábẹ́ Animal Welfare Act ti 2006, tí wọ́n mú le sí i ní 2021, ìwà ìkà sí ẹran lè gbé èèyàn lọ ẹ̀wọ̀n ọdún 5 ní England. Òfin yẹn kan náà dì mọ́ àwa tó ni ín: ẹni tó bá gbà á sílé ti gba ìtọ́jú rẹ̀ sọ́rùn.

7. BÍ KÒ BÁ PADÀ

Ẹ má dúró dọ̀la. Ẹ bẹ àwọn aládùúgbò kí wọ́n ṣí ṣẹ́ẹ̀dì àti gáréèjì wọn, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ máa ń há sí. Nígbà tí àdúgbò bá dákẹ́ lálẹ́, ẹ jáde pẹ̀lú àwo àti ṣíbí yẹn, ẹ pè é, kẹ́ ẹ sì dákẹ́ gbọ́. Ẹ fi tó àwọn dókítà ẹran tó wà nítòsí létí, àti ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ microchip. Ẹ pe káńsù náà. Lábẹ́ Road Traffic Act ti 1988, awakọ̀ tó bá gbá ajá gbọ́dọ̀ sọ, ṣùgbọ́n ológbò kò sí nínú àwọn ẹran tí òfin yẹn kà. Nítorí náà, nọ́ńbà inú awọ yẹn lè jẹ́ ohun kan ṣoṣo tó máa sọ fún yín ibi tó já sí. Ọmọ tó mọ òótọ́ yóò sunkún, yóò sì dákẹ́. Èyí tí kò mọ̀, ẹnu ọ̀nà ni yóò máa wò.

8. KÌ Í ṢE GBOGBO ẸYỌ LÓ YẸ KÓ JÁDE

Èyí tó fọ́jú, tó dití, tó ní àìsàn tó lè kó ran àwọn yòókù, tàbí tó ń gbé fúláàtì òkè níbi tí títì ńlá wà nísàlẹ̀, kó máa gbé inú ilé. Ẹ fún un ní ibi gíga tó lè gùn, ohun tó lè họ, kẹ́ ẹ sì máa bá a ṣeré lójoojúmọ́. Kì í ṣe ìyà la fi jẹ ẹ́.

ÌBÉÈRÈ TÍ ÌDÍLÉ LÈ JỌ DÁHÙN

• Ṣé àdírẹ́sì àti fóònù tó wà lábẹ́ microchip ológbò wa ṣì jẹ́ tòótọ́?
• Ìró wo la fi ń pè é? Ṣé gbogbo ilé ló ń pè é bẹ́ẹ̀?
• Kí ló dé tí a kò fi gbọ́dọ̀ gbé e jáde, tí a kò sì gbọ́dọ̀ bọ́ ọ yó kó tó jáde?
• Ta ni yóò wà nílé lọ́jọ́ àkọ́kọ́?

Ẹni tí fọ́ọ̀mù tàbí lẹ́tà sí onílé bá ta kókó fún, kó mú un wá bá wa lọ́jọ́ ìmọ̀ràn, a ó jọ kà á.