Nígbà tí CREATE TABLE Bá Kọ Variable

Ká ní o fẹ́ kí stored procedure kan nínú SQL Server máa dá tábìlì tuntun sílẹ̀ fún ọjà tí a tà lóṣooṣù: Tita_01, Tita_02, títí lọ. O kó orúkọ náà sínú @oruko, o kọ CREATE TABLE @oruko (id INT). Kíá ló dá ọ lóhùn: Msg 102, Incorrect syntax near '@oruko'.

Má wulẹ̀ máa wá kọ́mà tó sọnù. Variable lè gbé iye tó máa wọ inú tábìlì, àmọ́ kò lè dúró fún orúkọ tábìlì. Orúkọ gan-an ni SQL Server fẹ́ rí nígbà tó bá ń ka gbólóhùn rẹ, kì í ṣe àpò tí o fi orúkọ sí. Nítorí náà, a ó kọ́kọ́ so gbólóhùn náà pọ̀ bí ọ̀rọ̀ lásán, a ó wá ní kó ṣe é:

DECLARE @sql NVARCHAR(MAX) = N'CREATE TABLE dbo.' + QUOTENAME(@oruko) + N' (id INT)';
EXEC sp_executesql @sql;

NVARCHAR yẹn kì í ṣe ẹ̀ṣọ́. Bí o bá lo VARCHAR, Msg 214 lo máa rí. QUOTENAME ní tirẹ̀ ń fi àkámọ́ yí orúkọ ká, kí ẹnì kan má baà kọ DROP TABLE síbi tí o ní kó kọ orúkọ sí.

O lè ṣe gbogbo èyí kí tábìlì má yọjú, kí àṣìṣe kankan má sì hàn. Èyí ló ń dán sùúrù mi wò jù. Yẹ @oruko wò: bó bá jẹ́ NULL, gbogbo ohun tí o fi + so mọ́ ọn á di NULL, sp_executesql á sì dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń kọ PRINT @sql ṣáájú EXEC, kí n fojú ara mi ka ohun tí mo so pọ̀.

Ibi tó ta kókó jù ni tábìlì onígbà díẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ fi # bẹ̀rẹ̀. @sql dá #owo sílẹ̀, kò sí wàhálà. O kọ SELECT * FROM #owo sí ìlà tó tẹ̀ lé e, ni Msg 208 bá yọ: Invalid object name '#owo'. Mo ti fi odidi ọ̀sán kan wá irú tábìlì bẹ́ẹ̀ rí. Ṣé o rí i, yàrá tirẹ̀ ni sp_executesql ti ń ṣiṣẹ́, tábìlì # tí a bá sì dá sílẹ̀ nínú yàrá yẹn, iṣẹ́ ibẹ̀ kì í parí kó má bá a lọ. Ẹni tó wà ní yàrá ń rí ohun tó wà ní pálọ̀. Ẹni tó wà ní pálọ̀ ò rí ti yàrá. Pálọ̀ ni kí o ti dá a sílẹ̀, nínú procedure fúnra rẹ̀: CREATE TABLE #owo (id INT). Lẹ́yìn náà, jẹ́ kí @sql lo ALTER TABLE #owo ADD láti fi àwọn òpó tó kù kún un.

Àwọn kan á ní kí o kàn lo ##owo, tí gbogbo ènìyàn lè rí. Ó máa ń ṣiṣẹ́, àfi lọ́jọ́ tí òṣìṣẹ́ méjì bá pe procedure náà lẹ́ẹ̀kan náà, tí Msg 2714 sì sọ fún ẹnì kejì pé orúkọ yẹn ti wà nílẹ̀.