Yíyan Ọ̀rọ̀-Ìṣe Tí Ó Bá Ẹ̀rí Mu

Ọ̀dọ́ onímọ̀ tí ó bá ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ àbájáde ìwádìí ní láti mọ̀ pé àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó jẹ mọ́ fífi nǹkan hàn nínú èdè náà kò wúwo bákan náà, àti pé bí ẹ̀rí bá ṣe lágbára tó ni ó yẹ kí òǹkọ̀wé fi yan èyí tí yóò lò. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́.

“Show” ni ó gbòòrò jù lọ, ó sì bá àtẹ àti àwòrán mu, nítorí pé ohun tí ojú lè rí ni àwọn wọ̀nyí gbé kalẹ̀. “Indicate” jẹ mọ́ àmì: ara gbígbóná lè tọ́ka sí àìsàn láìsọ irú àìsàn tí ó jẹ́. “Suggest” fúyẹ́ jù ú lọ, torí pé ó ń dábàá ìtumọ̀ kan, ó sì ń fi àyè sílẹ̀ fún òmíràn. “Demonstrate” wà fún ohun tí àyẹ̀wò tàbí àlàyé ẹlẹ́sẹẹsẹ ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀, nígbà tí “prove”, tí kì í fi àyè sílẹ̀ fún iyèméjì, tọ́ sí àwọn onímọ̀ ìṣirò jù lọ.

Fún àpẹẹrẹ, ní ọdún 1953, James Watson àti Francis Crick ṣàpèjúwe DNA, ìyẹn èròjà tí àbùdá àjogúnbá wà nínú rẹ̀, nínú ìwé àtìgbàdégbà Nature. Wọ́n rí i pé bí okùn rẹ̀ méjèèjì ṣe so pọ̀ lè ṣàlàyé bí ó ṣe ń ṣe ẹ̀dà ara rẹ̀, ṣùgbọ́n nítorí pé àyẹ̀wò kò tíì kín in lẹ́yìn, “suggest” ni wọ́n lò. Ní ọdún 1958 ni Matthew Meselson àti Franklin Stahl kó bakitéríà tí ó ti dàgbà nínú náítírójìn tí ó wúwo sínú èyí tí ó fúyẹ́, tí wọ́n sì rí i pé DNA ìran àkọ́kọ́ tí ó tẹ̀lé e wà ní agbedeméjì ìwọ̀n méjèèjì. Nítorí pé àbájáde yìí kín àbá Watson àti Crick lẹ́yìn, àyẹ̀wò yìí ni “demonstrate” tọ́ sí.

Kí ọ̀dọ́ òǹkọ̀wé tó yan ọ̀rọ̀-ìṣe, kí ó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ bóyá àlàyé mìíràn ṣì lè bá ẹ̀rí náà mu. Bí ó bá lè rí bẹ́ẹ̀, kí ó má kọjá “suggest” tàbí “indicate”; bí kò bá sì lè rí bẹ́ẹ̀, kí ó má bẹ̀rù láti lo “demonstrate”. Òǹkàwé tí ó bá rí “prove” níbi tí ẹ̀rí kò ti tó yóò ṣiyèméjì nípa ìyókù ìwé náà pẹ̀lú.