Ìbọn Àkọ́kọ́: Ẹ̀kọ́ fún Ẹni tí ó Fẹ́ Rà Á

Àwọn àgbà wa a máa wí pé: "Ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí a dojú rẹ̀ kọ òun?" Apátí ni irin tí ìka ń fà kí ìbọn tó dún. Ìtumọ̀ òwe yìí ni pé kò sí ìbọn tí a fi í ṣeré, ì báà ṣófo, ì báà ti bàjẹ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ ra ìbọn ọdẹ ọlọ́ta wẹ́wẹ́ fún ìgbà àkọ́kọ́, yálà láti fi dáàbò bo ilé àti oko rẹ̀, tàbí láti fi kọ́ bí a ti ń yin àwo amọ̀ tí a jù sókè, òwe yìí ni kí ó fi ṣe òṣùwọ̀n. Ìbọn tí ó bá rọrùn jù lọ láti mọ̀ bóyá ọta wà nínú rẹ̀, òun ni ó yẹ ní àkọ́rà. A ó ṣe àlàyé rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ.

Àṣẹ Ìjọba Ṣáájú Owó

Ní Nàìjíríà, Òfin Ìbọn ti ọdún 1959 pín ìbọn sí ìsọ̀rí mẹ́ta. Ìsọ̀rí kìíní ni èyí tí a kà léèwọ̀, bí ìbọn ìléwọ́ àti ìbọn àwọn ológun. Ìsọ̀rí kejì ni ìbọn ara ẹni, tí kò sí ẹni tí ó gbọdọ̀ ní in láìgba ìwé àṣẹ. Níbẹ̀ ni ìbọn ọdẹ ọlọ́ta wẹ́wẹ́ wà. Ìsọ̀rí kẹta ni ṣakabùlà àti irú rẹ̀, tí a ń ki ẹ̀tù sí láti ẹnu. Ẹ kíyè sí i pé òfin yọ ìbọn ọlọ́ta wẹ́wẹ́ tí ń ti ọta bọ ara rẹ̀, àti èyí tí a ń fi ọwọ́ fà sẹ́yìn kí ọta mìíràn tó bọ́ sí ipò, kúrò nínú ìsọ̀rí kejì.

Òfin kò gbà kí a fún ẹni tí kò tíì pé ọmọ ọdún 17 ní ìwé àṣẹ, tàbí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé, tàbí ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa, tàbí ọ̀mùtí, tàbí ẹni tí a dá lẹ́bi ìwà ipá láàárín ọdún 5 tí ó ṣáájú. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó san kọ́bọ̀, kí ó kọ́kọ́ lọ bá àwọn ọlọ́pàá, kí ó sì béèrè bóyá a ń fúnni ní ìwé àṣẹ lásìkò náà. Ọwọ́ oníṣòwò tí ìjọba mọ̀ nìkan ni kí ó ti rà á. Ẹni tí ń gbé ní ìlú òkèèrè pẹ̀lú, kí ó béèrè òfin ibi tí ó wà, nítorí òfin ìlú kan kò bá ti èkejì mu.

Ìtumọ̀ 12 àti 20

Bí a bá fi òjé ṣe ọta róbótó tí ó bá ihò ìbọn mu gẹ́lẹ́, tí ìwọ̀n 12 nínú wọn sì jẹ́ pọ́nùn kan, 12 ni nọ́mbà ìbọn náà. Bí ó bá gba 20 kí wọ́n tó pé pọ́nùn kan, nọ́mbà rẹ̀ ni 20. Bí nọ́mbà bá ti ń ga, bẹ́ẹ̀ ni ihò ń kéré sí i.

Ewu ńlá wà níhìn-ín. Bí ènìyàn bá ṣèèṣì fi kátíríìjì 20 sínú ìbọn 12, yóò yọ́ wọlé, yóò sì há sínú agbá. Olúwa rẹ̀ yóò wò ó bí òfìfo, yóò fi kátíríìjì 12 tì í lẹ́yìn, nígbà tí ó bá sì yìn ín, agbá náà lè fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Nítorí èyí ni a ṣe ń fi àwọ̀ ìyeyè ṣe kátíríìjì 20. Kí ilé kan má ṣe ní irú méjèèjì. Bákan náà, kí a wo gígùn tí a kọ sára agbá: ìbọn tí a ṣe fún kátíríìjì mìlímítà 70 kò gbọdọ̀ gba ti 76.

Irú Èwo ni Kí A Rà?

Ìbọn ẹlẹ́nu kan dínwó, ó sì fúyẹ́. Ìbọn ẹlẹ́nu méjì pín sí ọ̀nà méjì: èyí tí agbá rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, àti èyí tí ọ̀kan gun orí èkejì. Àǹfààní kan ni gbogbo wọn ní: a ń ṣí wọn láàárín, níbi tí agbá ti pàdé ìdí ìbọn. Bí a bá ti ṣí i, kò lè dún mọ́, ẹni tí ó sì dúró tì wá yóò rí i gbangba pé òfìfo ni. Èyí tí ń ti ọta bọ ara rẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí ọta kan lè ṣẹ́ kù sínú agbá nígbà tí a rò pé ó ti tán. Ìdí nìyí tí a fi gbà pé ìbọn ẹlẹ́nu méjì ni ó dára jù fún akẹ́kọ̀ọ́.

Bí aṣọ ni ìbọn rí. Ti ẹlòmíràn lè má bá ni mu. Lẹ́yìn tí a bá ti ṣí i, tí a sì rí i lẹ́ẹ̀mejì pé òfìfo ni, kí ènìyàn kọ ẹnu rẹ̀ sí ibi tí kò léwu, kí ó di ojú, kí ó gbé ìdí ìbọn sí èjìká, kí ó tó la ojú. Bí ojú rẹ̀ bá tọ́ lórí agbá títí dé ẹnu ìbọn, ó bá a mu. Bí ó bá ní láti na ọrùn tàbí kí ó ká a kò, kò bá a mu. Kí ó rántí pẹ̀lú pé ìbọn tí ó fúyẹ́ jù a máa ta èjìká gidigidi, akẹ́kọ̀ọ́ tí ìbọn bá sì ń ta yóò bẹ̀rẹ̀ sí í di ojú kí ìbọn tó dún. Ẹni tí ara rẹ̀ kò lágbára púpọ̀ lè ra 20 láìsí ìtìjú.

Bí ìbọn náà bá jẹ́ àlòkù, kí a wo inú agbá sí ìmọ́lẹ̀, bóyá ìpẹtà tàbí ìtẹ̀wọ̀ wà níbẹ̀. Kí a sì mì ín wò, bóyá ìsokọ́ rẹ̀ ti ń jó. Kí a wá òǹtẹ̀ ìdánwò pẹ̀lú. Ní ìlú Birmingham, láti ọdún 1813 ni ilé ìdánwò ti wà, níbi tí a ti ń fi ẹ̀tù tí ó lágbára ju ti ojoojúmọ́ lọ dán agbá wò kí a tó lu òǹtẹ̀ sí i. Ìbọn tí a rọ ní kọ̀rọ̀ kò ní irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kọ́ Orí Pápá

Ní Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa ń gbé, pápá ìyìnbọn lu àwo amọ̀ wọ́pọ̀. Ẹyẹlé ààyè ni a ń yìn nígbà àtijọ́. Àwo pẹlẹbẹ tí fífẹ̀ rẹ̀ tó mìlímítà 110 ni ó rọ́pò rẹ̀, ẹ̀rọ ni ó sì ń jù ú. Ọdún 1900 ni eré náà kọ́kọ́ wọ ìdíje Òlíḿpíìkì. Bí ẹni tí ń sọ òkò lu ẹyẹ tí ń fò, iwájú àwo ni a ń yìn, kì í ṣe ibi tí ó wà.

Ṣùgbọ́n ìwà tí a ń kọ́ níbẹ̀ ṣe iyebíye ju àwo fífọ́ lọ. Ṣíṣí ni a ń gbé ìbọn rìn. Kò sí ẹni tí ń fi kátíríìjì sí i títí yóò fi kan án. A kì í sì í kọ ẹnu rẹ̀ sí ènìyàn láé. Ẹni tí ó bá mú ìwà yìí wọ ilé ti jèrè.

Nínú Ilé

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọta wẹ́wẹ́ a máa tàn ká bí àwọ̀n. Nínú yàrá, kò sábà fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Nítorí náà, ẹni tí kò bá fojú sun ún yóò tàsé, ọta ńlá yóò sì la ilẹ̀kùn pákó kọjá sọ́dọ̀ ẹni tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ ilé tí ó pẹ́ kí ó tó dé kò yàtọ̀ sí olè nínú òkùnkùn. Àgádágodo, iná, ajá àti aládùúgbò rere ni kí ó ṣáájú ìbọn. Kí a sì pe orúkọ, kí a gbọ́ ìdáhùn.

Kí ìbọn wà nínú àpótí irin tí a kàn mọ́ ògiri, kí kátíríìjì wà níbòmíràn lábẹ́ kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀. Ẹlòmíràn yóò bi wá pé, bí olè bá dé, ṣé kọ́kọ́rọ́ ni òun yóò máa wá kiri? Ìdáhùn wa ni pé olè lè má dé láéláé, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni ọmọdé wà nínú ilé, ọwọ́ ọmọdé kì í sì í gbé jẹ́ẹ́.

Nítorí náà, kí ẹni tí ó fẹ́ ra ìbọn ṣírò owó mẹ́ta pọ̀: owó ìbọn, owó àpótí, àti owó ẹ̀kọ́. Ẹni tí owó rẹ̀ kò bá tó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ó ní sùúrù ná. Ìbọn tí a rà fún ààbò ilé kò gbọdọ̀ sọ ilé di ilé ọ̀fọ̀.