Ìrora Òjijì ní Àárín Nǹkan Oṣù

Ẹ̀yin ìyá wa àti ará ilé gbogbo ní Ifẹ̀-Ọ̀dàn, Èjìgbò àti agbègbè rẹ̀, obìnrin lè máa yan gàrí lọ́wọ́, kí ìsàlẹ̀ ikùn rẹ̀ ṣàdédé máa gún un ní ẹ̀gbẹ́ kan. Nǹkan oṣù rẹ̀ ti lọ ní bí ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Àwọn kan á ní jẹ̀díjẹ̀dí ni. Àwọn mìíràn á ní ọwọ́ ayé ni. Ó lè má jẹ́ ọ̀kankan nínú méjèèjì.

Kí ni ó ń fà á?
Ilé-ẹyin méjì ni obìnrin ní, ọ̀kan ní ọ̀tún, ọ̀kan ní òsì. Lóṣooṣù, ẹyin kan a máa gbó nínú àpò kékeré lára ọ̀kan nínú wọn. Bí àpò náà bá là kí ẹyin lè jáde, omi àti ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lè kán sínú ikùn, kí ó sì dá ìrora sílẹ̀. Kì í sábà ju ọjọ́ kan tàbí méjì lọ. Kì í ṣe àrùn.

Báwo ni a ṣe lè mọ̀ ọ́n?
Ẹ máa fi àmì sí ọjọ́ tí nǹkan oṣù bá bẹ̀rẹ̀ lórí kàlẹ́ńdà. Ẹyin a máa jáde ní nǹkan bí ọjọ́ 14 ṣáájú nǹkan oṣù tí ń bọ̀. Bí ti obìnrin kan bá bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà, tí ó sì máa ń padà dé lẹ́yìn ọjọ́ 28, kí ó retí rẹ̀ ní nǹkan bí ọjọ́ 15. Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ 32, yóò bọ́ sí nǹkan bí ọjọ́ 19.

Ìtọ́jú
Ẹ fi aṣọ tí a rì bọ omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ lé ikùn, kí ẹ sì sinmi. Àgbàlagbà lè lo hóró parasitamọ́ọ̀lù 500 mg kan tàbí méjì. Kí wákàtí 6 kọjá kí ó tó tún lò ó, kí ó má sì ju hóró 8 lọ lóòjọ́.

Ìgbà tí ó di eléwu
1. Bí nǹkan oṣù bá ti kọjá ọjọ́ rẹ̀, tí ẹ̀gbẹ́ ikùn kan ń dunni, tí ẹ̀jẹ̀ ń kán, tí òòyì ń kọ́ni tàbí tí èjìká ń roni: oyún lè ti dúró sí ọ̀nà ẹyin dípò ilé-ọmọ. Bí ọ̀nà náà bá bẹ́, ẹ̀jẹ̀ inú lè pa obìnrin láìpẹ́, bí ẹ̀jẹ̀ kò tilẹ̀ pọ̀ lóde.
2. Bí ìrora bá bẹ̀rẹ̀ nítòsí ìdodo tí ó sì lọ sí ìsàlẹ̀ ọ̀tún, pẹ̀lú ibà àti èébì: ó lè jẹ́ apẹ́ńdísì.
3. Bí ìrora bá le kọjá ìfaradà, tí èébì kò sì dáwọ́ dúró: ilé-ẹyin lè ti lọ́.
4. Bí ibà bá wà, tí omi tí ń rùn sì ń jáde lójú ara: ó lè jẹ́ kòkòrò àrùn.

Ẹ má ṣe dúró di ọjọ́ kejì. Ẹ má fún un ní agbo, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ́ ikùn rẹ̀. Bí baálé bá wà ní Abidjan, ẹ má ṣe dúró de àṣẹ rẹ̀; ẹ gbé aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ mú kàlẹ́ńdà náà dání: ọjọ́ nǹkan oṣù rẹ̀ tí ó kẹ́yìn wà lára ohun tí dókítà yóò kọ́kọ́ béèrè.